Àgbọn Nínú Oúnjẹ Ẹṣin: Ìlàlóye fún Àwọn Olùtọ́jú Ẹṣin ní Sauka Kahuta

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ní Minna, gbogbo ẹni tó ní ẹṣin ló ń fẹ́ kí ara rẹ̀ máa dán, kí ìhà rẹ̀ sì kún. Àgbọn lè ràn yín lọ́wọ́. Ní Ọsirélíà, inú àpò ni wọ́n ti ń ta èèrí àgbọn fún ẹṣin, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti fún àdín kúrò lára àgbọn gbígbẹ. Àfikún ni o. Kò lè gba ipò koríko. Ẹṣin tó wọn 300 kìlógíráàmù kò gbọdọ̀ jẹ koríko gbígbẹ tó dín ní kìlógíráàmù 4.5 lóòjọ́.

Bí ẹṣin yín bá rù, ẹ má tíì náwó sórí àgbọn. Ẹ pe dókítà ẹran kí ó yẹ eyín rẹ̀ wò, kí ó wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá aràn wà níbẹ̀, kí ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran.

Èèrí àgbọn sàn ju ọkà bàbà lọ níbì kan. Bí bàbà bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ìfun kékeré kò ní lè dà á tán. Ìyókù á lọ kan nínú ìfun ńlá, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹṣin, tàbí kí pátákò rẹ̀ gbóná, kó má lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ti àgbọn kì í yára kan bẹ́ẹ̀. Ó ní purotéènì tó nǹkan bí ìdá márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, àmọ́ kò tó fún ọmọ ẹṣin tó ń dàgbà. Ẹ fi ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa kún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 gíráàmù lóòjọ́, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi di 500 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, torí mudu èèrí àgbọn kò wúwo tó mudu bàbà. Ẹ fi omi ìlọ́po méjì rẹ̀ rẹ ẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí. Bí ó bá gbẹ, ó lè há ẹṣin lọ́fun. Nínú oòrùn Minna, èyí tí ẹ bá rẹ láàárọ̀ kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà jíjìn, láti etí òkun níhà Badagry, ni àgbọn ti ń wá. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá ti bu lè ní aflatoxin, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó tún máa ń wà lára ẹ̀pà tí ọ̀rinrin mú.

Ní ti àdín àgbọn, ṣíbí ìjẹun kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹṣin kò ní àpò òróǹro bíi ti màlúù. Ara rẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó mọ́ ọn lára. Ẹ má kọjá ṣíbí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí ó bá dì lásìkò ọyẹ́, kò bàjẹ́. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná. (Èyí tí wọ́n po lọ́fínńdà mọ́ fún irun orí kì í ṣe oúnjẹ o!)

Bí ẹṣin bá ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń bojú wo ìhà rẹ̀, tó ń yí gbiri, tí kò sì yàgbẹ́, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ àdín sí i lẹ́nu láti fi wo inú rírun náà: ó lè gba ọ̀nà òfun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa á kí dókítà tó dé.