Kí la ó fi kun ògiri pákó ní Amadi-Ama?

Etí omi ni Amadi-Ama wà ní Port Harcourt, ìlú tí òjò ọdún kan rẹ̀ ń kọjá 2,000 mìlímítà. Pákó inú ilé a máa fa ọ̀rinrin tó ń tibẹ̀ wá mu, a sì wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a tún súnkì. Fáníìṣì tó ń dì bí awọ lójú pákó ni mo fara mọ́ níbẹ̀ ju òróró lásán lọ. Eruku dúdú tí àwọn ará ìlú náà ti ń ráhùn lé lórí láti 2016 ti èrò mi lẹ́yìn: ojú tó ń dán ṣeé fi àkísà tútù nù. Lóòótọ́, òróró rọrùn láti tún kùn bí nǹkan bá ha pákó, ṣùgbọ́n ta ló ń ha ògiri lójoojúmọ́? Fáníìṣì kò dá ọ̀rinrin dúró pátápátá, ó kàn ń dín in kù ni. Nítorí náà, ẹ kun ẹ̀yìn pákó pẹ̀lú kí ẹ tó kàn án mọ́ ògiri. Fáníìṣì kì í sì í pa ikán. Oògùn ikán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.