Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kíndìnrín

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí èèyàn yín bá pààrọ̀ kíndìnrín, tó sì ti ọsibítù dé, a mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ìyàwó á wẹ̀ ẹ́, ọmọ á wọ ṣòkòtò fún un, àbúrò á gbé oúnjẹ lọ bá a lórí ibùsùn. Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, òun náà á sì gbà pé òun ò wúlò mọ́.

Láti ọdún 2000 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, ní ọsibítù St. Nicholas l'Ékòó, owó àti ẹni tó máa fi kíndìnrín sílẹ̀ la máa ń sọ jù. Bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí wọ́n ń pè ní occupational therapist, tí wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ l'Óṣòdì. Àwọn ló ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa wẹ̀, tí yóò máa wọṣọ, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò pọ̀ rárá, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní láti mọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n wọn.

Ìsàlẹ̀ ikùn lápá kan ni wọ́n máa ń fi kíndìnrín tuntun sí, kì í ṣe ẹ̀yìn níbi tí ti tẹ́lẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ ta gìrì dìde. Kó kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kó wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó.

Ẹ gbé àpótí tí kò lè yẹ̀ sí balùwẹ̀, kó máa jókòó wẹ̀. Ó yẹ kí ará Èsìẹ́ mọ iyì àpótí: ṣebí orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù wọn jókòó sí! Kó jókòó wọ ṣòkòtò, kó jókòó já ẹ̀fọ́. Ó lè bẹ iṣu, kó ṣá má gún un. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọsibítù kì í fẹ́ kó gbé ju kílò 4 tàbí 5 lọ, bẹ́ẹ̀ garawa omi lítà 10, kílò 10 ni.

Ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n. Tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun, máa ń fà á. Kó gbé ìgúnpá lé tábìlì bó bá ń jẹun, kí ife má kún. Ẹ sọ fún dókítà, àmọ́ kó má dá oògùn dúró o! Ẹ jẹ́ kí fóònù máa pè é láàárọ̀ àti lálẹ́, lákòókò kan náà.

Ní ti oko, dókítà ló máa dá ọjọ́ tó máa padà. Oògùn yẹn ti dín agbára ara kù, kòkòrò àìsàn sì wà nínú ilẹ̀. Tó bá dọjọ́ náà, ìbọ̀wọ́, bàtà àti ìbòmú ni kó fi lọ. Kó má gbá ilé adìyẹ rárá.

Ẹ jọ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tó wù ú jù láti padà sí sínú ìwé, kẹ́ ẹ mú un lọ bá wọn lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Bó bá sì gbà á ní ogún ìṣẹ́jú láti wọ ṣòkòtò láàárọ̀ ọ̀la, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.