Ọlọ́pàá Kò Tó ní Òkè-Ògùn: Ta Ni Ìyà Rẹ̀ Ń Jẹ?

Bí a bá ń sọ pé ọlọ́pàá kò tó, ajínigbé àti adigunjalè ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá rẹ̀ nà láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí àti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ẹjọ́ kéékèèké ni àìtó yìí kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Bí màlúù bá jẹ oko ẹ̀gẹ́ mọ́jú, ọlọ́pàá kan ló yẹ kó bá olóko dé oko kí òjò tó pa ojú ẹsẹ̀ màlúù rẹ́, kó ka ebè tó bàjẹ́, kó sì gbọ́ tẹnu olóko àti ti darandaran. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n lè rán, tí wọ́n ní kí olóko padà wá lọ́la, ẹjọ́ á di “o ṣe é, n ò ṣe é.” Ibẹ̀ ni àdá ti ń jáde, tí abúlé àti gáà tó jọ ń ná ọjà kan náà á sì di ọ̀tá ara wọn.

Kì í ṣe iye ọlọ́pàá nìkan ló fà á. Ibi tí wọ́n ń kó wọn sí náà wà níbẹ̀. Ìròyìn àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kan tó jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2025 fojú bu ọlọ́pàá Nàìjíríà sí nǹkan bí 371,800, ó sì ní ó lé ní 100,000 nínú wọn tó ń ṣọ́ olóṣèlú àti èèyàn ńláńlá. Lóṣù náà ni Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n kó wọn kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn wọ̀nyí, ó sì fi 20,000 kún àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà, kí gbogbo rẹ̀ di 50,000. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n bí ìlú ńlá bá gbé gbogbo wọn mì, kí ni tiwa?

Àwọn kan á ní ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020, àti àwọn ọdẹ ti tó. Wọ́n mọ igbó ju àlejò lọ, mo kan sáárá sí wọn. Síbẹ̀, ọlọ́pàá ni wọ́n ń fa afurasí lé lọ́wọ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò wádìí ẹ̀sùn dé kóòtù, afurasí á padà sílé, ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ kò sì ní lè sùn. Àwọn mìíràn á ní bí ọlọ́pàá bá pọ̀ sí i, owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà náà á pọ̀ sí i. Ẹ̀rù yẹn tọ́, ṣùgbọ́n Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 fàyè gba ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá àti aráàlú. Kí àgbẹ̀, darandaran, ìyálọ́jà àti ọba máa jókòó níbẹ̀, kí wọ́n máa bi DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, léèrè: ọlọ́pàá mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ mélòó ló sì dé kóòtù? Ìdáhùn méjèèjì ni a ó fi mọ̀ bóyá ọlọ́pàá tuntun dé ọ̀dọ̀ wa lóòótọ́.