Ọdún méjì tàbí ọdún mẹ́ta: ẹ̀kọ́ gíga wo ló yẹ ọmọ tó yege BAC?

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò BAC bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Atakpamé àti ní àwọn abúlé tó yí i ká: níbo ni ọmọ yóò gbà lọ báyìí? Yunifásítì ìjọba ti Lomé àti ti Kara ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fojú sí. Lomé jìnnà sí Atakpamé tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Kara jìnnà ju 200 kìlómítà lọ. Ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ ní láti san owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ó kéré tán, yóò lo ọdún mẹ́ta kí ó tó gba licence, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní yunifásítì.

Ọ̀nà mìíràn wà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni BTS, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọ́fíìsì tí a ń fi ọdún méjì kọ́ lẹ́yìn BAC. Ìjọba ni ó ń ṣètò ìdánwò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́ ìṣirò owó, òmíràn lè kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, òmíràn iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ ọdún méjì yìí.

Ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe àjèjì ní Atakpamé. Láti ọdún 1968 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti wà níbẹ̀. Ọdún 1970 ni a dá yunifásítì Lomé sílẹ̀. Nígbà náà, yunifásítì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ẹ̀rí kan ní òpin ọdún kejì. Ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró níbẹ̀, kí ó sì ní ohun tí yóò fi hàn.

Nígbà tó yá, ètò yí padà. Ní ọdún 2007, UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń ná owó sééfà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pinnu pé ètò LMD ni gbogbo wọn yóò máa lò. Togo fi òfin gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2008. L dúró fún licence, ọdún mẹ́ta. M dúró fún master, ọdún méjì sí i. D dúró fún doctorat, ọdún mẹ́ta mìíràn. Nínú àkàsọ̀ onípele mẹ́ta yìí, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì kò ní ipele tirẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lomé fi ẹ̀hónú hàn lórí ètò náà, wọ́n ní a gbé e dé láìpèsè ohun tó yẹ fún un. A ti yunifásítì pa fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ọdún méjì ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń fi owó òwú tàbí owó kòkó rán ní ilé ìwé mọ̀ pé òjò lè kọ̀, ọjà sì lè tutù. Ó ń wo àwọn àbúrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ tètè rí iṣẹ́, kí òun náà lè gbé ọwọ́ sókè nínú ilé. Ó sì mọ̀ pé agbègbè òun nílò àwọn tó mọ iṣẹ́: Atakpamé ni olú ilé iṣẹ́ òwú Togo wà, bẹ́ẹ̀ ni ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí Togo àti Benin jọ ń jàǹfààní iná rẹ̀ láti ọdún 1987, kò jìnnà síbẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Lójú wọn, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì jẹ́ àbọ̀ ìwé ẹ̀rí. Ní iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí ni a fi ń pín ipò àti owó oṣù, ẹni tó ní licence sì sábà máa ń wà lókè ẹni tó ní BTS. Wọ́n tún ń sọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í tètè rò: púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ BTS jẹ́ ti aládàáni, owó tí wọ́n ń gbà sì máa ń ju ti yunifásítì ìjọba lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tó kúrú lè má rọrùn lówó.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ ọdún méjì ti Joliet ṣí ní ọdún 1901; títí di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọjá sí yunifásítì. Ní Nàìjíríà, ọdún méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní pólì kí ó tó gba ND. Lẹ́yìn èyí, yóò lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó padà wá kọ́ ọdún méjì mìíràn fún HND. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn tó ní HND ti ń ráhùn pé a kò kà wọ́n kún bí àwọn tó jáde ní yunifásítì. Ní Faransé, láti ọdún 2021, a fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ DUT tó jẹ́ ọlọ́dún méjì, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń gba ìwé ẹ̀rí DUT ní òpin ọdún kejì. Bí nǹkan bá dí i lọ́wọ́, kò ní jáde lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí gbogbo èyí fi hàn ni pé iye ọdún nìkan kọ́ ni ó ń sọ ìwé ẹ̀rí di ńlá tàbí kékeré. Ìlẹ̀kùn tó ṣí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí ẹni tó gba BTS bá lè ṣiṣẹ́, tó tún lè padà wọlé sí ọdún kẹta licence nígbà tí owó bá dé, ọdún méjì rẹ̀ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó padà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, a jẹ́ pé ọ̀nà kúkurú ti di ọ̀nà gígùn.

Nítorí náà, ó yẹ kí òbí àti ọmọ jọ béèrè ohun mẹ́rin kí wọ́n tó san owó. Ṣé ìjọba fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà? Ṣé ìdánwò ìjọba ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe níparí, tàbí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan ni yóò gbà? Ṣé wọn yóò rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gidi? Yunifásítì wo ni yóò gbà á lẹ́yìn náà, ọdún wo ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀? Ó dára kí ìdáhùn wà nínú ìwé, kí ẹni tó mọ̀wé kà nínú ẹbí sì kà á fún gbogbo ilé.

Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tó gba ọ̀nà Lomé àti èyí tó gba ọ̀nà BTS lè jọ pàdé lọ́jà. Kí olúkúlùkù ṣáà ti mọ ibi tí ọ̀nà tirẹ̀ já sí kí ó tó gbé ẹrù lé orí.