Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn ọlọ́pàá Dassari tí kò padà wálé

Ní òru kan ní ìparí oṣù Òkúdù ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu àgọ́ ọlọ́pàá Dassari ní Matéri, níbi tí àríwá Benin ti bá Burkina Faso pààlà. Ọlọ́pàá méjì kú sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ló kan ará Kétu? Ó kàn án gan-an. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018 tí ìjọba ti pa ọlọ́pàá àti jandáàmù pọ̀ di Police Républicaine, aṣọ kan náà ni ẹni tó ń ṣọ́ Dassari àti ẹni tó ń ṣọ́ Kétu, Pobè àti Sakété ń wọ̀. Kétu náà wà létí ààlà, ìyẹn ààlà Nàìjíríà.

Báwo la ṣe ń bọlá fún àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ ọdún 2022, Ààrẹ Patrice Talon ṣí ère ìrántí kan ní Kútọnu, Monument aux Dévoués, fún àwọn tó fẹ̀mí wọn jìn fún Benin. Lára wọn ni àwọn tó ṣubú ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1977, nígbà tí àwọn jagunjagun afowóháyà tí Bob Denard kó wá ya wọ Kútọnu.

Ère nìkan kò tó. Opó ń fẹ́ oúnjẹ, ọmọ ń fẹ́ ilé-ìwé. Ẹ̀yin ará Kétu, bí ọlọ́pàá kan bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ládùúgbò yín, ẹ bẹ ilé rẹ̀ wò, kódà lẹ́yìn tí ìsìnkú bá ti parí.