Ẹ Má Gba Àbùjá Lórí Òkè Ìdànrè

Òkè Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun ìyangàn Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà dábàá fún àjọ UNESCO láti kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Láti ẹsẹ̀ òkè, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ń gùn, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, kí a tó rìn dé ìlú àtijọ́. Àwọn kan a máa yà kúrò lójú ọ̀nà yìí láti gba àbùjá. Ó yẹ kí a mọ ìdí tí èyí fi léwu.

Àkọ́kọ́ ni ààbò ara. Àpáta ni òkè náà. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í rí ilẹ̀ rì sí. Orí àpáta ni ó ń ṣàn gbà. Ibi dúdú tí omi ń gbà kọjá a máa hu èbìbù, a sì máa yọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀ kò ní rí igi dì mú. Bí òjò bá ṣú tàbí tí àrá ń sán, ẹ má gun òkè. Bí ẹ bá ti wà lókè, ẹ tètè fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Èkejì ni ohun abẹ̀mí. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí a kò mọ ibòmíràn tí ó ń gbé ní ayé ju Òkè Ìdànrè lọ. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kò fi gbúròó rẹ̀, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 2013. Inú omi tín-ín-rín tí ó ń ṣàn lórí àpáta ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ ń gbé. Ẹni tí ó bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó fọ aṣọ síbẹ̀, tàbí tí ó da ọṣẹ sí i, lè pa wọ́n run láìmọ̀. Iná tí a dá nígbà ọyẹ́ náà lè jó gbogbo ewéko orí òkè.

Ẹ̀kẹta ni ìtàn. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́, ilé-ẹjọ́, ojúbọ àti ibojì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má wọ ojúbọ láìgbàṣẹ, ẹ má sì kọ orúkọ sára ògiri tàbí àpáta.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí ó di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi mímu dání, ẹ sì jẹ́ kí amọ̀nà ṣíwájú. Kí ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín bọ̀.

Àwọn àgbà ní àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Òkè Ìdànrè.