Ìmọ̀ràn: Òpó Tó Gbé Ilé Mùsùlùmí Dúró

Mo bẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, tí a bá ń wàásù nípa ẹbí, ohun tí a sábà máa ń sọ ni ẹ̀tọ́ ọkọ, ẹ̀tọ́ aya àti ẹ̀tọ́ òbí lára ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn wà tí ọkọ ń gbọ́ bùkátà, tí aya ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ, tí àwọn ọmọ ń kírun, síbẹ̀ tí ilé náà kò fìdí múlẹ̀. Ohun tó sábà máa ń sọnù níbẹ̀ ni ìmọ̀ràn, èyí tí èdè Lárúbáwá ń pè ní Shúrà. Orúkọ yìí náà ni Súrà kejìlélógójì nínú Àlùkùránì ń jẹ́. Ní ẹsẹ 38 rẹ̀, ibi tí Ọlọ́hun ti dárúkọ ìrun kíkí àti ìnáwó sójú ọ̀nà Rẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo, ibẹ̀ náà ló ti dárúkọ ìmọ̀ràn.

1. Láàárín Tọkọtaya

Ẹ wo Súrátúl-Baqarah, ẹsẹ 233. Ọdún méjì gbáko ni Ọlọ́hun fi sí i fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mu ọmú pé. Bí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀, bí bàbá àti ìyá bá ti jọ gbìmọ̀, tí àwọn méjèèjì sì yọ́nú sí i. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ní àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ ni ẹsẹ yìí ń bá wí. Ẹ gbọ́ o! Bí ọ̀rọ̀ ọmú, tó wà láyà ìyá, bá gba ìmọ̀ràn bàbá, ṣé ilẹ̀ títà, owó yíyá tàbí ìrìn-àjò ló yẹ kí ẹnì kan dá ṣe?

Ní Hudaibiyah, ọdún kẹfà lẹ́yìn Híjírà (628), Ànọ́bì ní kí àwọn sàhábé pa ẹran wọn, kí wọ́n sì fá orí. Ìbànújẹ́ pé wọn kò rí Mẹ́kà wọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde. Ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀, Ummu Salamah, lọ, ó sì sọ ọ́ fún un. Ìyẹn gbà á nímọ̀ràn pé kó jáde láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó pa ẹran tirẹ̀, kó sì fá orí tirẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì dìde tẹ̀lé e. Ẹni tí wáhàyí ń sọ̀kalẹ̀ fún gba ìmọ̀ràn ìyàwó rẹ̀.

2. Láàárín Òbí àti Ọmọ

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mọ́kànlá, èmi nìkan ló pinnu pé kó lọ máa gbé ní ilé kéú kan tó jìnnà. Mi ò bi ìyá rẹ̀, mi ò bi òun náà. Mo ní ta ló máa bá bàbá jiyàn lórí ìmọ̀ àdínì? Mi ò mọ̀ pé ọmọ náà ṣì ń tọ̀ sílé. Ìyá rẹ̀ ló ń jí i lóru, òun ló sì ń fọ aṣọ kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Níbi tí mo mú un lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pé oṣù méjì tó fi sá lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà ìrun Àsùbáà la fi wá a, kí a tó rí i níbi tó sùn sí ní gáréèjì ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ohun tó sọ kò ju, “Àáfà, ẹ ò bi mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi létí Súrátú Sáfátì, ẹsẹ 102. Ọlọ́hun fi pípa ọmọ han Ànọ́bì Ibrahim lójú àlá. Àṣẹ ni o, síbẹ̀ ó sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó sì bi í pé kí ni èrò rẹ̀. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún, mi ò béèrè. A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ sì ń ti ilé lọ sí ilé kéú àdúgbò. Ibẹ̀ ló ti ṣe wòlímọ̀ Àlùkùránì.

3. Bí Ìmọ̀ràn Bá Yọrí sí Òfò

Àwọn ọkọ kan máa ń sọ pé, “Mo gba ìmọ̀ràn ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo pàdánù.” Ẹ rántí ogun Uhud (625). Ó wu Ànọ́bì kí wọ́n dúró sínú Mẹ̀dínà. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní kí wọ́n jáde. Ó gbọ́ tiwọn, ìyà sì jẹ àwọn Mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà ni Súrátú Áli-Imrán, ẹsẹ 159, sọ̀kalẹ̀: kó forí jì wọ́n, kó sì tún máa bá wọn gbìmọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àṣìṣe àná gún ara yín lójú.

4. Nígbà Tí Ìjà Bá Dé

Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ ya tọkọtaya, Súrátú Nisáì, ẹsẹ 35, ní kí a yan onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ, ọ̀kan láti inú ẹbí aya. Bí wọ́n bá fẹ́ àtúnṣe, Ọlọ́hun yóò fi ìrẹ́pọ̀ sí i. Ẹni méjì ni o, kì í ṣe kí a máa fi ohùn ránṣẹ́ kiri lórí fóònù títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́.

Àsọkágbá

Ìmọ̀ràn ní ààlà. A kì í gbìmọ̀ lórí bóyá ká kírun, tàbí bóyá ká fún ọmọbìnrin ní ìpín rẹ̀ nínú ogún. Ọlọ́hun ti parí ìyẹn. Bákan náà, gbígba ìmọ̀ràn kò gba ipò olórí ilé lọ́wọ́ ọkọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí tọkọtaya àti ọmọ jókòó, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun tún ilé wa ṣe, kó má jẹ̀ẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa tú u. Àmín.